Ẹ má san $2,500 kí kóòṣì orí tẹlifíṣọ̀n lè rí ọmọ yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Houston la wà. Ọmọkùnrin mi wà ní kíláàsì kọkànlá, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló ń gbá, ó wà lára àwọn ìgìrìpá tó ń dáàbò bo quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Yunifásítì mẹ́ta ti kọ̀wé sí i, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ orúkọ àwọn kóòṣì wọn rí. Ọkùnrin kan wá ní ká san $2,500, òun á jẹ́ kí kóòṣì Deion Sanders rí fídíò rẹ̀, torí kóòṣì tí gbogbo ayé ń wò ló ń gbé ọmọ dé NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ṣe. Ṣé ká san án?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀, Mà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà irú lẹ́tà yìí rèé láàárín oṣù kan, inú sì ń bí mi. Kì í ṣe sí yín o, sí àwọn tó ń di afẹ́fẹ́ sínú ọ̀rá tà fún àwọn òbí wa ni.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ò le. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ló ń dà mí láàmú: pé bí kámẹ́rà bá ṣe pọ̀ tó níwájú kóòṣì, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe gùn tó láti gbé ọmọ yín sókè. Ẹ jẹ́ ká mú Sanders tí wọ́n fi ń pè yín náà.

Òkìkí ń ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn. Ní oṣù Kejìlá 2021, Travis Hunter, tí àwọn yunifásítì ńláńlá ń du, já Florida State sílẹ̀, ó gba Jackson State lọ, ilé ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Mississippi tí kò sí ní ipele tó ga jù lọ. Sanders ni kóòṣì ibẹ̀. Lọ́dún kan lẹ́yìn náà, Sanders kó lọ sí Yunifásítì Colorado, ní ìlú Boulder, ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi nínú eré 11 nínú 12. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, wọ́n na yunifásítì TCU 45 sí 42, wọ́n sì tún na ẹni tó tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN àti Fox ti gbé ètò àárọ̀ Sátidé wọn wá sí Boulder lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ń wò ó nílé á rò pé wọ́n ti gba ife. Nígbà tí ọdún bọ́ọ̀lù náà parí, mẹ́rin ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù mẹ́jọ. Ọkùnrin yẹn ò mọ iṣẹ́ jù lóṣù Kẹsàn-án, kò sì gbàgbé ẹ̀ lóṣù Kọkànlá. Ariwo ló sáré ṣáájú èsì.

Ibi tó kàn yín gan-an nìyí. Ipò ọmọ yín ló fọ́ jù nínú ẹgbẹ́ náà lọ́dún yẹn. Ó lé ní àádọ́ta ìgbà tí wọ́n gbé Shedeur, ọmọ Sanders tó jẹ́ quarterback, ṣánlẹ̀. Kí ni bàbá rẹ̀ sọ? Ó sọ níwájú àwọn oníròyìn pé òun á lọ wá àwọn mìíràn sí ìlà iwájú, ìyẹn ipò ọmọ yín. Inú portal ló sì ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn ìwé orúkọ tí àwọn tó ti wà ní yunifásítì ń wọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ilé ìwé. Àwọn yẹn ti gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àgbà. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó lókìkí jù tó mú sí ipò náà ni Jordan Seaton, tó ní ìràwọ̀ márùn-ún lọ́wọ́ àwọn tó ń díwọ̀n àwọn ọmọ, tó sì kéde ibi tó ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mà, ìràwọ̀ mélòó lọmọ yín ní? Mi ò fi bú u o. Òkìkí ń jẹ́ kí kóòṣì rí ẹni tó wù ú mú. Bó bá ṣe gbajúmọ̀ tó ni èrò ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Sanders tilẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé òun kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni wá ọmọ. Ta wá ni ọkùnrin yín yẹn fẹ́ gbé fídíò lọ bá?

Ẹ tún gbọ́: òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, kò gba kóòṣì láyè láti yin ọmọ tó ń wá ní gbangba kí ọmọ náà tó buwọ́ lùwé. Nínú gbogbo wákàtí tí ẹ fi ń wò ó, kò sí ìṣẹ́jú kan tó lè fi polówó ọmọ yín.

Òkìkí kì í sì í ṣe èsì. Bill Belichick, kóòṣì tó gba Super Bowl, ife NFL, lẹ́ẹ̀mẹfà ní New England, lọ sí Yunifásítì North Carolina. Eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2025, TCU na wọ́n 48 sí 14. Ẹ ní ẹ ò gbọ́ orúkọ àwọn kóòṣì mẹ́ta yẹn rí. Èèyàn mélòó ló mọ Curt Cignetti nígbà tó wà ní James Madison? Mẹ́ta péré ni Yunifásítì Indiana borí ní 2023 kó tó débẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2026, wọ́n gba ife gbogbo orílẹ̀-èdè láìpàdánù eré kankan.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó sí pálọ̀ àwọn ará wa kan. Kóòṣì ìlà iwájú láti yunifásítì kan tí kò lórúkọ wá kí wọn. Ìyá ọmọ gbé ìrẹsì àti dòdò síwájú rẹ̀. Ó jẹun tán, ó mú àpò lẹ́tà kan lórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ dé, ó ń ya ẹsẹ̀ ọmọ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀: ẹsẹ̀ ọ̀tún ń pẹ́ nílẹ̀, báyìí la ṣe máa tún un ṣe. Bàbá ò wo ìwé yẹn. Ó ń bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa ń fi wọ́n hàn lórí ESPN. Wọ́n gba ibi tí ESPN máa ń dé lọ. Ọdún méjì lọmọ náà fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kóòṣì tí wọ́n tẹ̀ lé gba iṣẹ́ síbòmíì, ọmọ wọ portal. Àpò lẹ́tà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ pe àwọn mẹ́ta yẹn padà. Ẹ béèrè ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọ yín lójoojúmọ́, kì í ṣe ọ̀gá àgbà. Ẹ béèrè iye ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n mú sí ìlà iwájú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àti iye tó ṣì wà níbẹ̀ nínú wọn. Lẹ́tà kì í ṣe skọ́láṣíìpù, ọ̀rọ̀ orí fóònù náà kì í ṣe. Àfi ìwé tí wọ́n buwọ́ lù. Ní ti fídíò, kóòṣì sẹ́kọ́ńdìrì rẹ̀ lè fi ránṣẹ́ sí wọn láìgba kọ́bọ̀.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wá pé òun fẹ́ sanwó lórí orúkọ ọmọ yín, kí lọ́yà kà á kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Òfin wọ̀nyí ń yí padà léraléra; ẹ bi ilé ìwé náà léèrè, ẹ má fi tèmi nìkan ṣe.

Ẹ ò sì sọ nǹkan kan nípa ìwé rẹ̀. Kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù ní Division I, ìpín àkọ́kọ́ nínú eré yunifásítì, NCAA fẹ́ kó yege nínú kọ́ọ̀sì 16 tí wọ́n ti yàn, kí GPA rẹ̀, ìyẹn ìdíwọ̀n máàkì rẹ̀, nínú wọn má sì dín ní 2.3. Ẹ gba èsì rẹ̀ ní ilé ìwé lọ́la, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ìyẹn ni n óò kọ́kọ́ wò kí n tó wo fídíò kankan.