Ẹ Bi Wá, A Ó Fèsì: Ìgbà Ìwọ́wé Létí Odò Hudson

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lóṣù yìí nípa odò Hudson, ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pọ̀ ju ohun tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Mẹ́ta ni a mú nínú wọn, nítorí pé ohun tí àwọn mẹ́ta yìí bèèrè ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin yòókù náà fẹ́ mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bronx ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń yọ mí lẹ́nu pé àwọn fẹ́ lọ wo ewé tó ń pa àwọ̀ dà lápá òkè odò Hudson. Ìgbà wo gan-an ló yẹ kí a lọ? Ṣé ohun kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ lè fọwọ́ ara wọn ṣe, yàtọ̀ sí kí a ya fọ́tò kí a sì padà wálé? (Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Bronx)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. A ò lè dá ọjọ́ kan pàtó fún yín, nítorí pé àwọ̀ náà kì í dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Máìlì 315 ni odò Hudson gùn, láti àárín àwọn òkè Adirondack níhà àríwá títí dé ìlú New York, apá òkè sì ni òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Adirondack, ìparí oṣù kẹsàn-án ni ewé sábà máa ń pọ́n jù. Ní àwọn òkè Catskill, ó máa ń di ìbẹ̀rẹ̀ sí àárín oṣù kẹwàá. Ní àyíká Beacon àti Poughkeepsie, àárín sí ìparí oṣù kẹwàá. Ẹ̀yin tí ẹ wà nísàlẹ̀ sì lè máa rí i títí wọ oṣù kọkànlá. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà máa ń gbé ìròyìn ewé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní àsìkò yìí, ẹ wò ó kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí àwọn ọmọ bá bi yín pé kí ló fà á, ẹ sọ fún wọn pé bí ọ̀sán bá ti ń kúrú sí i, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í dí ojú ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kọjá láàárín ẹ̀ka àti ewé. Èròjà tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀ á ṣá, àwọ̀ ìyeyè tó ti fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ooru á sì wá hàn síta. Àwọ̀ pupa ní tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú ṣúgà tó há sínú ewé ni igi ti ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí ewé fi máa ń pọ́n dáadáa ní ọdún tí oòrùn bá ràn lọ́sàn-án, tí òru sì tutù láìjẹ́ pé omi dì.

Ọkọ̀ ojú irin Metro-North tó ń ti Grand Central lọ sí Poughkeepsie ń gba etí odò gan-an, ẹ jókòó sí apá òsì bí ẹ bá ń lọ. Ní Poughkeepsie, ẹ gun afárá Walkway Over the Hudson. Ọdún 1889 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀, iná jó o ní 1974, ó sì wà bẹ́ẹ̀ láìwúlò fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi tún un ṣe fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2009. Ẹsẹ̀ bàtà 212 ni ó fi ga ju omi lọ, ẹnikẹ́ni kì í sì san owó kí ó tó gùn ún.

Ní ti ohun tí ọmọ lè fọwọ́ ṣe, ní oṣù kẹsàn-án, ètò Hudson Valley Ramble máa ń kó àwọn ènìyàn rìn nínú igbó, lórí òkè àti létí omi pẹ̀lú ẹni tó mọ ibẹ̀ dunjú. Ṣùgbọ́n èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tò sí etí odò yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀ láti yẹ omi rẹ̀ wò, ètò tó ti wà láti ọdún 2003. Mo ti dúró wò wọ́n rí. Àwọn méjì wọ bàtà rọ́bà tó dé àyà, wọ́n di igi àwọ̀n mú lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n sì rọra fà á wá sí èbúté. Àwọn ẹja kéékèèké tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ń dán yinrin nínú àwọ̀n. Wọ́n kó wọn sínú ike omi, wọ́n wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin kan ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá gbogbo wọn padà sínú odò. Ẹnìkan nínú wọn ju igi kékeré kan sómi láti mọ ibi tí omi ń lọ, igi náà sì ń lọ sókè, síhà àríwá! Omi òkun tó máa ń ru wọlé tó sì tún máa ń fà padà lójoojúmọ́ ló ń tì í. Ó máa ń dé ibi ìsédò Troy, ibi tó jìnnà sí òkun ju 150 máìlì lọ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ fi sọ odò náà ní Muhheakantuck, odò tó ń ṣàn síwá-sẹ́yìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé àwọn ọmọ yín bóyá wọ́n ń kópa nínú ètò náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Mo máa ń fi ìwọ̀ pẹja ní ìparí ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti fọ odò Hudson mọ́. Kí ló wá dé tí pátákó fi ṣì ń sọ pé kí a má jẹ ẹja rẹ̀? (Apẹja, Yonkers)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pátákó yẹn kò parọ́ o. Láti 1947 sí 1977, ilé iṣẹ́ méjì ti General Electric ní Fort Edward àti Hudson Falls da kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PCB sínú odò náà, ìṣirò sì fi hàn pé ó lè tó 1,300,000 pọ́ùn. PCB kì í yòrò sínú omi lọ bí iyọ̀. Ó máa ń dì mọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, kòkòrò inú ẹrẹ̀ á jẹ ẹ́, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, kẹ́míkà náà á sì máa pọ̀ sí i nínú ọ̀rá wọn bí ó ti ń lọ. Ní 1984, ìjọba àpapọ̀ ka nǹkan bí 200 máìlì odò náà mọ́ ibi tó gbọ́dọ̀ di mímọ́ tipátipá. Láti 2009 sí 2015 ni wọ́n fi kó ẹrẹ̀ olóró náà jáde ní apá òkè. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì yìn ín, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí wọn kò kó ṣì wà níbẹ̀, ẹja tó sì ti ń jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò lè mọ́ lọ́dún kan tàbí méjì.

Láti Hudson Falls dé ìsédò Troy, bí o bá mú ẹja, o gbọ́dọ̀ dá a padà sómi láàyè. Láti Troy dé Catskill, àwọn ọmọdé àti obìnrin tó ṣì lè bímọ kò gbọ́dọ̀ fi ẹja ibẹ̀ kan ẹnu rárá. Ní apá tìrẹ, irú ẹja àti irú ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni ìmọ̀ràn ń tẹ̀ lé, nítorí náà wá ìwé ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà kí o sì kà á dáadáa. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe gbé e fún ọmọ tàbí aya nítorí pé ó dùn lójú. Bí o bá sì rí ẹja eel, tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ejò, ní ìgbà ìwọ́wé, ronú sí ọ̀nà tó ń lọ: òru dúdú ni àwọn tó ti gbó nínú wọn fi ń sọ̀ kalẹ̀ sí òkun, títí dé òkun Sargasso, kí wọ́n tó yé ẹyin.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wa fẹ́ fi Sátidé kan ní oṣù kẹwàá ṣe iṣẹ́ ìlú létí odò náà. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé àlejò ni wá, kí ni iṣẹ́ ọjọ́ kan ti àwa díẹ̀ lè yí padà? (Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Newburgh)

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, òkè Storm King wà nítòsí yín níbẹ̀, ẹ ní kí àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ wò ó. Ní 1962, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Con Edison kéde pé àwọn fẹ́ kọ́ ibùdó iná sí ara òkè náà. Àwọn ará àdúgbò àti apẹja kọ̀ jálẹ̀, ẹgbẹ́ Scenic Hudson sì dìde ní 1963 nítorí rẹ̀. Ní 1965, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ kí a gbọ́ tiwọn nítorí ẹwà ibẹ̀ nìkan, bí wọn kò tilẹ̀ pàdánù kọ́bọ̀. Ní 1980 ni ilé iṣẹ́ náà gbà láti fi òkè náà sílẹ̀.

Ní ti Sátidé yín, ẹ kọ́kọ́ bá ọ́fíìsì ìlú sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè fún yín ní etí odò kan láti ṣa ike àti ìdọ̀tí. Ẹ má ṣe gbá ewé igbó kúrò létí ìṣàn omi; òun ni kòkòrò inú omi ń jẹ nígbà òtútù, kòkòrò yẹn sì ni oúnjẹ ẹja. Ewé ojú títì ni kí ẹ gbá, kí ó má baà dí gọ́tà. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Trees for Tribs, tó ń fún àwọn ènìyàn ní igi ìbílẹ̀ láti gbìn sí etí àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú Hudson, ilẹ̀ ìgbà ìwọ́wé sì dára fún gbíngbìn. Bí ẹ bá fẹ́ dáná, ibi tí ẹ wà ni kí ẹ ti ra igi: òfin kò gbà kí a gbé igi ìdáná tí a kò fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ kọjá 50 máìlì. Kí ẹ tó wakọ̀ padà, ẹ yẹ abẹ́ mọ́tò àti táyà wò. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ẹrẹ̀ gbígbẹ tí ẹnìkan fọwọ́ fà, ó lè jẹ́ ẹyin kòkòrò spotted lanternfly, tó ń ba àjàrà àti igi jẹ́; ẹ ha á sínú ọ̀rá tí ẹ ti bu oje ìpawọ́ tó ní ọtí nínú (hand sanitizer) sí, kí ẹ sì dì í pa.