Ọ́ìlì tàbí gírísì fún dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì nínú ọ̀rinrin Èkó

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè láti Sùúrùlérè, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì (dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì) nọ́ńbà 12 kan wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹnì kan ní kí ẹ fi gírísì kùn ún tinú tẹ̀yìn nítorí ọ̀rinrin Èkó. Ẹlòmíì ní ọ́ìlì nìkan ni ìbọn ń lò, gírísì ò gbọdọ̀ kàn án. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ìbọn kan náà ló ń lo ọ́ìlì àti gírísì, ibi tí kálukú ń lọ ló yàtọ̀, ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ rí èyíkéyìí nínú wọn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ṣẹ́ ìbọn náà (ìyẹn ni pé kí ẹ ṣí i ní ìdí bárẹ́ẹ̀lì), ẹ wo ihò méjèèjì, ẹ tún fi ìka tọ́ ọ wò. Kí ọta kankan má sì sí lórí tábìlì tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Gírísì kò ju ọ́ìlì tí wọ́n fi irú ọṣẹ kan mú ki lọ. Ọṣẹ yẹn ló ń dá ọ́ìlì dúró sójú kan. Nítorí náà, ibi tí irin méjì ti ń tẹ ara wọn gidigidi, tí wọn kì í sáré, ibẹ̀ ni tiẹ̀. Lára ìbọn yín, ibẹ̀ ni píìnì tí ìbọn fi ń ṣẹ́, ìkọ́ abẹ́ bárẹ́ẹ̀lì tó gbá píìnì yẹn mú, àti irin tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn igi iwájú (igi tí ẹ ń dì mú lábẹ́ bárẹ́ẹ̀lì), tó ń ha ara ìbọn nígbà tí ẹ bá ń ṣí i. Ọ́ìlì lásán kì í pẹ́ níbẹ̀, agbára ìtẹ̀ á fún un jáde, irin á wá máa jẹ irin. Ẹ ó kọ́kọ́ rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ibi tó ń dán tẹ́lẹ̀. Tó bá ti jẹ jù, ẹ yọ igi iwájú kúrò, ẹ pa ìbọn dé, ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀: bárẹ́ẹ̀lì á máa mì lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Gírísì tó tó ẹyọ ìrẹsì kan ti tó fún píìnì yẹn. Ẹ fi ìka tẹ́ ẹ títí ẹ ó fi máa rí àwọ̀ irin lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá pa ìbọn dé tí gírísì sì yọrí jáde, ó ti pọ̀ jù, ẹ nù ún. Gírísì lithium nọ́ńbà 2 tí wọ́n ń tà ní Ládípọ̀ dára, ṣùgbọ́n agolo tí a kò tíì ṣí ni kí ẹ rà. Èyí tí mẹkáníìkì ti ń tọwọ́ bọ̀ ti ní iyanrìn nínú, iyanrìn inú gírísì á sì máa lọ irin bí ọlọ ṣe ń lọ ata.

Ọ́ìlì ni ti àwọn ohun kéékèèké tó ń yí: ìdí ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣí ìbọn, sẹ́fítì (ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣèèṣì yìn), ọ̀pá tó ń ti ọta jáde. Ẹ ti ẹnu igi ìgbálẹ̀ kan bọ ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ, kí ẹ kán ẹyọ kan sí ojú kọ̀ọ̀kan, ó tán.

Ibi tí wọ́n ti ń ba ìbọn jẹ́ jù ni ihò píìnì tó ń gún ìdí ọta. Ẹ má fi gírísì síbẹ̀ láéláé. Eruku ọyẹ́ àti èéfín ẹ̀tù á pò mọ́ ọn, á ki, píìnì á máa wọ́ dípò kó ta. Ẹ ó gbọ́ kẹ́, ọta ò ní dún, ẹ ó rò pé ọta ló bàjẹ́. Ẹ wo ìdí ọta náà: tí ojú ibi tó gún kò bá jìn, ìdọ̀tí inú ihò ni mo kọ́kọ́ máa fura sí, kí n tó fura sí sípíríǹgì. (Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ dojú ìbọn kọ ibi tí kò léwu, ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ẹ tó ṣí i. Ọta míì máa ń pẹ́ kó tó dún.) Ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n tú ni kí ó fọ ihò yẹn, kó gbẹ ẹ́, kó fi àkísà tí ọ́ìlì kàn kan nu píìnì.

Inú bárẹ́ẹ̀lì àti ilé ọta gbọ́dọ̀ gbẹ nígbà tí ẹ bá fẹ́ yìnbọn. Tí ilé ọta bá ń yọ̀, ara ọta kò ní di ògiri rẹ̀ mú, agbára púpọ̀ sí i á wá lọ sẹ́yìn lu ojú irin ìdí ìbọn, píìnì tí ìbọn fi ń ṣẹ́ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Gírísì tó bá dì sínú bárẹ́ẹ̀lì tún burú jù: ó lè mú kó wú tàbí kó bẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ìbọn pamọ́, ẹ lè fi ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu inú rẹ̀. Ẹ ṣáà rántí fi àkísà gbígbẹ gbá a jáde kí ẹ tó lò ó.

Ní ti ìpẹtà, òógùn ọwọ́ yín léwu ju òjò lọ nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Ẹ nu gbogbo irin ìta pẹ̀lú àkísà olọ́ìlì lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé ìbọn náà. Tí ilé bá sún mọ́ ọ̀sà, bí Èbúté Mẹ́tta tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò. Ẹ má tọ́jú ìbọn sínú àpò fóòmù, ọ̀rinrin tó bá wọ inú àpò yẹn kì í jáde.

WD-40, ọ́ìlì fífọ́n inú agolo yẹn, ń lé omi lóòótọ́, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ní 1953 nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tó ń kù lẹ́yìn rẹ̀ kò nípọn tó láti dáàbò bo píìnì tí ìbọn fi ń ṣẹ́. Ẹ fi lé omi, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó fi ọ́ìlì gidi. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò kún fún èédú àti àsìdì, ẹ jù ú nù. Òróró ìdáná á di oje. Epo pupa jẹ́ ti Ògún, ojúbọ ni kí ẹ dà á sí.

Ẹ tún wo igi ìdí ìbọn yín níbi tó ti wọ inú irin. Tó bá dúdú, tó sì rọ̀ tí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ọ́ìlì ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, igi bẹ́ẹ̀ sì máa ń là nígbà tí ìbọn bá ta sẹ́yìn. Kí ẹ dín ọ́ìlì kù, kí ẹ sì máa dojú ìbọn kọlẹ̀ lórí àkísà fún òru kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọ́ìlì sí i, kí àṣẹ́kù lè ṣàn gba ẹnu bárẹ́ẹ̀lì jáde.