Púlì kíráǹkì tó ti jẹ àti táímìn tí kò bọ́ sípò mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọkọ̀ tí mo ń wà jẹ́ ti àtijọ́, oníkabúrétọ̀ àti dìsìtíríbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì). Ó ti tó oṣù mélòó kan tí púlì tó wà níwájú kíráǹkì (ọ̀pá irin tí àwọn písítìn ń yí) ti ń mì, tí bẹ́líìtì sì ń han. Mẹkáníìkì kan fi iná táímìn (iná tó ń ṣẹ́jú bí púlọ́ọ̀gì ṣe ń ràn) tún táímìn rẹ̀, ìyẹn àkókò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ràn, ṣe, ó sì fi hàn mí pé àmì ara púlì bọ́ sójú ibi tó yẹ gan-an. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ kò ti lágbára mọ́ bó bá ń gun òkè, ẹ́ńjìnì sì tètè ń gbóná. Ó ní òun á jó púlì náà pọ̀. Ṣé kí n gbà fún un? Báwo la ó sì ṣe dá táímìn padà sípò?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kó jó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fọwọ́ kan dìsìtíríbútọ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ dájú pé òótọ́ ni àmì ara púlì yẹn ń sọ. Lójú tèmi, mẹkáníìkì yín kò ṣi iná táímìn lò. Àmì tó gbọ́kàn lé ló tàn án jẹ.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, púlì yìí kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Irin kékeré wà láàárín tó wọ ẹnu kíráǹkì, òrùka irin ńlá tí bẹ́líìtì ń gbà lórí rẹ̀ wà lóde, rọ́bà tí wọ́n fún sáàárín méjèèjì ló sì so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ rọ́bà náà ni kó máa gba ìgbọ̀nrìrì tó ń wọ kíráǹkì lára nígbàkigbà tí iná bá ràn nínú sílíńdà. Ooru àti ọ́ìlì tó ń jò sí i lára ló máa ń bà á jẹ́. Bó bá ti gbó, ẹrù tí bẹ́líìtì ń fà, ìyẹn ọ́tánétọ̀ tó ń fi iná sí bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, á máa dá òrùka òde dúró, nígbà tí irin àárín ń bá kíráǹkì lọ, òrùka náà á sì máa yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ara òrùka òde yìí gan-an ni wọ́n máa ń gbẹ́ àmì táímìn sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Púlì tí ó fẹ̀ tó 150 mìlímítà láti etí kan dé ìkejì, ìyíká rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 471 mìlímítà, nítorí náà dígírì kan lórí rẹ̀ kò ju mìlímítà 1.3 lọ. Bí òrùka bá yọ̀ sẹ́yìn ní mìlímítà 13 péré, àmì ti yẹ̀ ní dígírì 10, kò sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ máa ká a láìjẹ́ pé ó wá a. Àmì tó bá ti yọ̀ sẹ́yìn máa ń pẹ́ dé ibi tó yẹ kó dé, nítorí náà ẹni tó bá tẹ̀ lé e yóò mú kí iná púlọ́ọ̀gì náà pẹ́. Iná tó bá pẹ́ ràn kì í ráyè ti písítìn sísàlẹ̀ dáadáa; ooru tó yẹ kó di agbára á gba fáàfù tó ń tú èéfín jáde lọ, á sì tún wọ inú omi ẹ́ńjìnì. Ìdí rèé tí ọkọ̀ yín fi ń rẹ̀ lórí òkè tó sì ń gbóná.

Ẹ lè yẹ èyí wò fúnra yín. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ nu ojú púlì, kí ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan ṣoṣo láti irin àárín, kọjá lórí rọ́bà, dé òrùka òde. Ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ wá wò ó. Bí ìlà náà bá ti já sí méjì tí kò dọ́gba mọ́, rọ́bà ti tú. Àmọ́ bí ìlà bá ṣì gún tí púlì sì ń mì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ihò púlì ló ti jẹ, tàbí kíì, ìyẹn irin kékeré tí kì í jẹ́ kí púlì yí lórí kíráǹkì. Bóòtì iwájú tí wọn kò dè le tó ló sábà máa ń fa ìyẹn.

Púlì tí rọ́bà rẹ̀ bá ti tú, pípààrọ̀ ni. Bí wọ́n bá jó o, iná á sun ìyókù rọ́bà, òrùka lè má dúró ní àárín gbùngbùn mọ́, púlì á sì di irin gbọingbọin tí kò lè gba ìgbọ̀nrìrì kankan. Kíráǹkì ni yóò máa jẹ ìyà náà, ó sì lè ṣẹ́ níkẹyìn. Púlì tó jẹ́ irin kan ṣoṣo látilẹ̀, tí kò ní rọ́bà, ni wọ́n lè tún ṣe lórí ẹ̀rọ léètì: wọ́n á fẹ ihò rẹ̀, wọ́n á ti òrùka irin tuntun bọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbẹ́ ojú kíì (ibi tí kíì ń há sí) mìíràn. Kí ẹni tó ń ṣe é rántí pé ojú kíì tuntun gbọ́dọ̀ bá àmì táímìn mu bíi ti tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣòro àná la tún fowó rà. Bí ó bá jẹ́ ojú kíì ara kíráǹkì ló fẹ̀ díẹ̀, wọ́n lè rẹ́ kíì tó ní ìtẹ̀gùn, tí apá kan rẹ̀ nípọn ju ìkejì lọ. Bí ẹnu kíráǹkì fúnra rẹ̀ bá ti jẹ púpọ̀, ẹ múra láti tú ẹ́ńjìnì sílẹ̀.

Kí ẹ tó tú púlì, ẹ yọ orí bátìrì. Púlà ni kí ẹ fi fà á, kó sì di irin àárín mú, kì í ṣe òrùka òde. Ẹ má fi òòlù gbá a wọlé. Bóòtì gígùn ni kí ẹ fi fà á wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ níbi tí síìlì ọ́ìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) ń há, torí òrùka irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi bò ó wà bí síìlì bá ti jẹ ibẹ̀ wọnú. Iye agbára tí a ó fi de bóòtì wà nínú ìwé ọkọ̀, ẹ má méfò. Bóòtì tí ìwé bá ní kí a tún yí ní iye dígírì kan pàtó lẹ́yìn tó ti le, tuntun ni kí ẹ lò. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, eyín irin tí bẹ́líìtì tàbí ṣéènì káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí àwọn fáàfù) ń gbà wà lẹ́yìn púlì gan-an, lábẹ́ bóòtì kan náà. Ẹ rí i pé òun náà kò jẹ, kí àmì rẹ̀ sì bá ti káàmù mu. Bí eyín rẹ̀ bá jẹ́ 20, eyín kan péré tó bá fò túmọ̀ sí dígírì 18 lára kíráǹkì, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi dìsìtíríbútọ̀ wo ìyẹn sàn.

Ó wá ku kí a rí ibi tí písítìn kìíní ti dé òkè téńté. Àwọn kan máa ń ki ìṣó sínú ihò púlọ́ọ̀gì kí wọ́n lè wò ó bó ṣe ń gòkè, àmọ́ písítìn kì í fẹ́ẹ̀ rìn mọ́ bó bá ti súnmọ́ òkè, kíráǹkì á sì ti yí ní dígírì mélòó kan kí ojú tó mọ̀. Ọ̀nà tó dájú ni pé kí ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì títí písítìn kìíní yóò fi wà nísàlẹ̀, kí ẹ wá de ọ̀pá ìdádúró (irin tí písítìn á kàn kó má bàa dé òkè) mọ́ ihò púlọ́ọ̀gì kìíní. Ẹ rọra yí i títí písítìn yóò fi kan ọ̀pá náà, ẹ fàmì sára púlì níwájú ìtọ́ka tó wà lára ẹ́ńjìnì. Ẹ yí i padà sí òdì kejì títí yóò fi tún kàn án, ẹ fàmì kejì. Àárín àmì méjèèjì gan-an ni òkè téńté. Bí ẹ́ńjìnì bá jẹ́ oníbẹ́líìtì káàmù, ẹ yẹ àmì káàmù wò lẹ́yìn náà, nítorí yíyí sẹ́yìn lè mú kí bẹ́líìtì fò. Bí àmì púlì tuntun kò bá bá àárín yìí mu, púlì tí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnì yín ni wọ́n tà fún yín.

Ẹ yọ ọ̀pá náà, kí ẹ fi ìka dí ihò náà, kí ẹ sì tún yí ẹ́ńjìnì. Kíráǹkì máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí káàmù tó yí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ìka yín síta bí písítìn ṣe ń gòkè ni tiwa, kì í ṣe ìgbà kejì. Ẹ mú un dé òkè téńté, kí rótọ̀, ìyẹn apá tó ń yí nínú dìsìtíríbútọ̀, sì dojú kọ wáyà kìíní. Bó bá jẹ́ oní-póìǹtì (irin kékeré méjì tó ń pàdé tó sì ń yà nínú dìsìtíríbútọ̀), àlàfo póìǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí bó bá yí, táímìn á yí pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, ẹ yọ páìpù tí ẹ́ńjìnì fi ń fa afẹ́fẹ́ kúrò lára dìsìtíríbútọ̀ kí ẹ sì dí i, kó máa ṣiṣẹ́ ní ìyára tí ìwé rẹ̀ sọ láìtẹ àtẹ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi iná táímìn wò ó. Iye dígírì rẹ̀ sábà máa ń wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá yí dìsìtíríbútọ̀ lòdì sí ibi tí rótọ̀ ń yí sí, iná á tètè ràn. Bí ẹ bá yí i tẹ̀ lé rótọ̀, á pẹ́. Ẹ de bóòtì rẹ̀, kí ẹ tún fi iná wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ó sábà máa ń yẹ̀ bí a bá ń dè é.

Ẹ tẹ àtẹ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ́ńjìnì sáré, kí ẹ wo bóyá àmì náà ń lọ síwájú. Bí kò bá kúrò lójú kan, àwọn irin ìwọ̀n inú dìsìtíríbútọ̀, tó ń mú kí iná tètè ràn bí ẹ́ńjìnì bá ń sáré, ti há, wọ́n sì ní láti nù wọ́n. Ẹ dá páìpù padà, kí ẹ gun òkè. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnì ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, ẹ dá táímìn sẹ́yìn ní dígírì kan sí méjì.