Ọ́ìlì ń kán lábẹ́ mọ́tò mi: níbo ló ti ń jò?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Toyota Corolla 2005 ni mò ń wà n'Ìbàdàn níbí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń bá ọ́ìlì nílẹ̀ ibi tí mò ń gbé e sí. Mẹkáníìkì kan ní síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) àárín ẹ́ńjìnì àti gíà ló ti bàjẹ́, pé ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Èkejì ní kí n jẹ́ kí òun fi gọ́ọ̀mù dí i. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má tíì gbọ́ tẹnì kankan. Ibi tí ọ́ìlì ti ń kán sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tó ti ń jò. Òkè ló ti máa ń wá, á tọ ara ẹ́ńjìnì wálẹ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á tún máa fẹ́ ẹ sẹ́yìn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jò ná. Lálẹ́, ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ mọ́tò, kẹ́ ẹ sàmì sí apá tó kọjú síwájú. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ fìka kàn án, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì máa ń dúdú, àfi bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ló máa dà bí oyin. Ti gíà àti ti sítíárìn máa ń pupa. Omi rédíétọ̀ lè ní àwọ̀ ewé tàbí kó pọ́n, òórùn rẹ̀ dùn, àmọ́ májèlé ni, ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ tàbí ajá lá a. Omi lásán tí kò ní àwọ̀, ti ẹ́síì ni, kò léwu. Bó bá jẹ́ omi búréèkì tó ń yọ̀ lọ́wọ́ lẹ rí nítòsí táyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wa mọ́tò náà rárá. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wá bá a nílé. Bó bá ń run epo bẹntiróòlù, ẹ má ṣáná sí i.

Bó bá jẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lóòótọ́, ẹ máa yọ gééjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, wò láràárọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju àmì ìsàlẹ̀ lọ.

Èmi alára ti ṣi irú iṣẹ́ yìí ṣe rí, ó ṣì ń dùn mí. Corolla bíi tiyín ni, àárín ẹ́ńjìnì àti gíà ló ti ń kán. Mo sọ gíà kalẹ̀, mo pààrọ̀ síìlì, oníbàárà sanwó. Lọ́jọ́ kẹta ó padà dé, ó ṣì ń kán. Ìgbà tí mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn òkè ẹ́ńjìnì ni mo rí i: gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn rọ́bà tó wà lábẹ́ tọ́ọ̀pù kọ́fà (ìdérí òkè ẹ́ńjìnì), ti gan bí ike, ọ́ìlì ń rọra sun níbẹ̀, ó ń gba ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí eruku ti lẹ̀ mọ́ dúdú sọ̀ kalẹ̀. Mo dá owó iṣẹ́ padà fún un. Láti ọjọ́ náà, n kì í tú nọ́ọ̀tì kankan nítorí ọ́ìlì tó ń jò láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fọ ẹ́ńjìnì.

Ohun tẹ́ ẹ máa ní kí wọ́n ṣe fún yín náà nìyẹn. Kí ẹ́ńjìnì tutù, kí wọ́n fi ọ̀rá wé ọtanétọ̀ tó ń fún bátìrì níná, kí wọ́n fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí irin á fi hàn. Tó bá gbẹ tán, ẹ tú ọ̀rá náà kúrò, kẹ́ ẹ bu paúdà ọmọdé lé gbogbo ara rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ wa mọ́tò fún bí ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó látòkè wá sísàlẹ̀. Ọ́ìlì á ti fa ìlà sínú paúdà. Ẹ tọ ìlà náà gòkè: ibi tó ga jù tí ọ́ìlì wà, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró o.

Nínú Corolla yín, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù kọ́fà ni mo kọ́kọ́ máa fura sí, lẹ́yìn rẹ̀ rọ́bà róbótó tó wà lára tẹ́ńṣọ́nà tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnì le, lẹ́yìn rẹ̀ fítà ọ́ìlì, pàápàá bó bá jẹ́ lẹ́yìn sáfíìsì ló bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ PCV, fáàfù kékeré tí ẹ́ńjìnì ń gbà mí, wò pẹ̀lú. Bó bá ti dí, ẹ́ńjìnì ò ní rọ́nà mí, á máa fipá ti ọ́ìlì jáde, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun náà ò sì ní pẹ́ tí á fi jò.

Ní ti gọ́ọ̀mù, kì í lẹ̀ mọ́ irin tí ọ́ìlì wà lára rẹ̀. Èyí tó bá sì já sínú ẹ́ńjìnì lè lọ dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà, ẹ́ńjìnì odindi lè tibẹ̀ kú.

Bí gbogbo òkè bá gbẹ, tó jẹ́ àárín ẹ́ńjìnì àti gíà nìkan ló tutù, a jẹ́ pé mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ló jàre. Àmọ́ ẹ sọ fún un pé gíà ló yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, kó fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ síbi tó wà.