Ṣé oúnjẹ tí ìjọba ń fi owó ràn lọ́wọ́ lè ṣara lóore, kó má sì ba ilẹ̀ jẹ́?

Ó ṣeé ṣe. Ẹ wo Íńdíà, níbi tí òfin 2013 ti fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní kílò 5 ọkà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ìrẹsì àti àlìkámà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Torí pé ìjọba ń rà wọ́n ní iye owó tó dájú, àwọn ni àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Punjab tẹra mọ́ jù, wọ́n ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ (iná ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń fà á o!), kànga sì ń jìn sí i. Ìpínlẹ̀ Karnataka ní tiẹ̀ ń pín ragi, irú ọkà jéró kan, mọ́ ìrẹsì. Ragi kì í mu omi tó ìrẹsì, kálísíọ́mù inú rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Àmọ́ bí ìjọba kò bá rà á lówó gidi, àgbẹ̀ ò ní gbìn ín.