Ẹ Bi Wá: Mọ́tò Ìṣeré Onírin Àtijọ́ àti Ojú Ọ̀nà Ìdíje Wọn

Lẹ́tà lórí mọ́tò ìṣeré kéékèèké onírin pọ̀ lóṣù yìí, láti Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ pàápàá. A mú márùn-ún nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra mọ́tò kéékèèké lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù tòkúnbọ̀ lọ́jà Atákúmọ̀sà. Wọ́n kọ Mattel, 1969 àti Hong Kong sábẹ́ ọ̀kan, ìlà pupa sì yí táyà rẹ̀ ká. Ṣé lọ́dún 1969 ni wọ́n ṣe é lóòótọ́? — Òǹkàwé, Ìsọ̀kun, Iléṣà

Ọdún tó wà lábẹ́ mọ́tò kò fi dandan jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ọdún tí ilé iṣẹ́ náà gba ẹ̀tọ́ àwòṣe yẹn ni, wọ́n sì lè máa fi àwòṣe kan náà ṣe mọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún láì yí i padà. Ìlà pupa ló sún wa mọ́ òtítọ́: Hot Wheels, ìyẹn mọ́tò ìṣeré tí ilé iṣẹ́ Mattel ti Amẹ́ríkà ń ṣe, jáde lọ́dún 1968 pẹ̀lú oríṣi mọ́tò 16, ìlà pupa sì wà lára táyà wọn títí di 1977. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí lọ́dún 1993 tí Hot Wheels pé ọdún 25, Mattel tún àwọn kan ṣe jáde tòun ti ìlà pupa. Ẹ wo orúkọ ìlú. Amẹ́ríkà àti Hong Kong ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ti àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ Malaysia, Thailand tàbí China lẹ rí, ti ẹ̀yìn náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà àwọn ọdún àkọ́kọ́ mọ́ gaara, orí irin tí wọ́n ti dán ni wọ́n kùn ún sí, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ á máa tàn láti abẹ́ àwọ̀ náà, ibi tó bá sì ti ha á funfun bíi fàdákà. Láti 1973 ni wọ́n ti yí sí ọ̀dà tó bo irin pátápátá. Bí ó bá jẹ́ Matchbox ni, mọ́tò ìṣeré ilé iṣẹ́ Lesney, tí ẹ sì rí Lesney àti England lábẹ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ti 1982 tàbí ṣáájú rẹ̀ ni, torí ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ Lesney ní Lọ́ńdọ̀nù wọko gbèsè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín tàbí Brasso dán an. Ọ̀dà àkọ́kùn tó ha níye lórí gan-an ju irin tó ń kọ mànà lọ, bí ó bá sì ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin olóòtú, mo kó mọ́tò mi sínú ọ̀rá, mo dì í pa, mo gbé e sínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì látìgbà òjò. Nígbà tí mo tú u, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti bo abẹ́ wọn, ọ̀kan sì ti là. Kí ló fà á? — Òǹkàwé, Làgéré, Ilé-Ifẹ̀

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Síǹkì ló pọ̀ jù nínú irin tí wọ́n fi dà mọ́tò wọ̀nyí, pẹ̀lú alumíníọ́mù tó tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọ̀rinrin bá há mọ́ síǹkì lára tí atẹ́gùn kò fẹ́ sí i, á hu funfun. Ọ̀rá tí ẹ dì pa nígbà òjò ló há ọ̀rinrin náà mọ́ inú.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, tó sì gbẹ, gbọn ìyẹ̀fun náà nù. Bí ó bá ṣì kù, ẹ kán ọṣẹ olómi ẹ̀kán méjì sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ fi nù ún. Ẹ má ri mọ́tò sínú omi. Irin tó gba inú ẹsẹ̀ mọ́tò kọjá kì í ṣe síǹkì. Bí omi bá dúró síbẹ̀, á dípẹtà, ẹsẹ̀ kò sì ní yí mọ́. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ náà á ṣí. Ẹ gbé e síwájú fáànù fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, kì í ṣe sínú oòrùn. A mọ̀ pé ọwọ́ àwọn kan á ti lọ sí ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ fi sílẹ̀, omi kíkan rẹ̀ ń jẹ síǹkì.

Ní ti èyí tó là, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Bí ìlà tín-ín-rín bá gba ọ̀nà oríṣiríṣi, tí ọ̀dà wú sókè lójú wọn, tàbí tí abẹ́ mọ́tò ti tẹ̀, inú irin fúnra rẹ̀ ni ìbàjẹ́ náà ti wá. Òjé díẹ̀ tó bọ́ sínú síǹkì nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ ló máa ń fà á. Ó wọ́pọ̀ lára mọ́tò tí wọ́n ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, bíi Dinky ti Liverpool. Kò sí ohun tó lè wò ó sàn. Gọ́ọ̀mù tí ẹ bá fi lẹ̀ ẹ́ á mú, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á tún là. Kì í ràn mọ́ èyí tó wà nítòsí, nítorí náà ẹ kò ní láti jù ú nù. Ẹ gbé e síbi gbígbẹ, kí ẹ má fi ọwọ́ tẹ ibi tó fẹ́lẹ́ lára rẹ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, ike onídèrí ló yẹ kí ẹ lò, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré agbomi tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun. Àpò mẹ́rin tó fún ike tó gba mọ́tò ogún. Ẹ pààrọ̀ wọn lóṣù méjì-méjì nígbà òjò. Bí ẹ kò bá rí àpò náà, ẹ má pa ike dé rárá, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Ìrẹsì tí àwọn kan ń lò ń mú eruku àti kòkòrò wá.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ tún ọ̀kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó kùn. Ẹnìkan tó ń ṣe ọṣẹ ní kí n fi kọ́sítíìkì bó èyí tó kù. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Rárá o. Kọ́sítíìkì ń jẹ síǹkì àti alumíníọ́mù. Á hó, á gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń gbiná á jáde, ara mọ́tò á sì di kótókòtò.

Èyí tó wọ́pọ̀, tó sì ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, nìkan ni kí o kùn. Fi ẹnu ìṣó ṣe àmì sí àárín gbùngbùn rífẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ (orí òpó irin tó de abẹ́ mọ́tò mọ́ ara rẹ̀), kí ẹnu dírílì má baà yọ̀. Fi ẹnu dírílì 3 mm gé orí rífẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀díẹ̀, kí o dúró ní kété tí orí bá ti ká kúrò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á gbẹ́ kọjá ibẹ̀, òpó inú á tán, kò sì ní sí ibi tí wọn yóò de mọ́tò náà mọ́. Lu ihò 1.6 mm sínú òpó, la ojú rẹ̀ fún ìdè M2 (síkúrù tó fẹ̀ ní 2 mm), ìyẹn lo máa fi dè é padà.

Yọ gíláàsì ike àti ẹsẹ̀ kúrò ná, nítorí asitóònù ń yọ́ ike. Rẹ irin nìkan sínú asitóònù, níta, jìnnà sí iná. Fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, kí o fi práímà tí wọ́n ṣe fún síǹkì kùn ún; ọ̀dà lásán kì í dì mọ́ síǹkì. Bí o bá fọ́n ọ̀dà nígbà tí ojú ọjọ́ tutù tó sì ń rọ òjò, ọ̀dà oní-tínà á di funfun bí ìkùukùu. Nígbà ọyẹ́, eruku ló máa lẹ̀ mọ́ ọn, torí náà fi páálí bò ó kó tó gbẹ.

Mọ́tò àwọn ọmọ mi ń já bọ́ lórí òbìrìkìtì, níbi tí ojú ọ̀nà ìdíje wọn ti yí po lọ sókè. Kí ni kí n ṣe? — Bàbá kan, Iléṣà

Ẹ wọn òbìrìkìtì náà láti ilẹ̀ dé orí. Bí kò bá sí ohun tó ń fà mọ́tò sẹ́yìn rárá, ibi tí ẹ ti fi í sílẹ̀ kó máa yí lọ gbọ́dọ̀ ga ju ìyẹn lọ pẹ̀lú ìdá mẹ́rin rẹ̀: òbìrìkìtì 30 cm ń fẹ́ 37.5 cm. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mọ́tò ń ha, ojú ike sì ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 55 cm. Bí ó bá ṣì ń já, ẹ fi ìka tọ ibi tí ike ti so pọ̀. Bí ìsopọ̀ bá ga díẹ̀ péré, mọ́tò á fò. Ike tó ti tẹ̀ ń fẹ́ omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sáàárín ìwé wíwúwo títí á fi tutù. Ẹ ha dúdú inú pẹ́ńsù 2B sí irin ẹsẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè máa yí dáadáa. Ẹ má lo epo, ó ń kó eruku jọ.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀nà mọ́tò oníná ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Ṣé kí n kàn kì í bọ iná? — Òǹkàwé, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ má kì í. 120 volt ni iná wọn, 230 ni tiwa, àpótí iná rẹ̀ lè jó. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara àpótí náà, níbi OUTPUT. Bí ó bá jẹ́ 12V DC, ẹ ra ádábítọ̀ 12V DC níhìn-ín, tí amp rẹ̀ kò kéré sí ti àkọ́kọ́, tí ẹ̀gbẹ́ + àti − rẹ̀ sì bá a mu. Bí ó bá jẹ́ AC ni wọ́n kọ, ẹ lo tirańsífọ́mà tó ń sọ 230 di 120. Bí irin ojú ọ̀nà bá ti dípẹtà, írésà ìkọ̀wé ni kí ẹ fi nù ún. Sáńpépà ń ha ìbora irin náà kúrò, ìpẹtà á sì tètè padà.