Mo fẹ́ dá kó àwọn ọmọ lọ sí London: kí ni kí n mú dání?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ kí àbúrò mi ní London nígbà tí wọ́n bá gba ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ọmọ ọdún 9 ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 5. Bàbá wọn kò ráyè bá wa lọ. Físà wa ti jáde. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé orúkọ bàbá mi ló ṣì wà nínú páàsípọ́ọ̀tù mi, orúkọ ọkọ mi sì ni àwọn ọmọ ń jẹ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní wọ́n dá òun dúró nítorí irú ẹ̀. Kí ni kí n mú dání, kí sì ni kí n sọ bí wọ́n bá bi mí? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Orúkọ tí kò bára mu kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ní kí ẹ yí orúkọ yín padà kí ẹ tó kó ọmọ yín rìn. Ohun méjì péré ni òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de ń wá: ta ló ni ọmọ yìí, ṣé òbí rẹ̀ kejì sì mọ̀ pé ó ń lọ? Bí ẹ bá ti lè fi ìwé dáhùn méjèèjì, ẹ kò ní pẹ́ níwájú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ojú olè ni wọ́n fi ń wò yín. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ tí wọ́n tàn jáde nílẹ̀ yìí lọ fi ṣẹrú. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi dá NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, sílẹ̀ ní ọdún 2003. Àwọn òbí mìíràn wà tí ìjà wà láàárín wọn, tí ọ̀kan á gbé ọmọ sá mọ́ èkejì lọ́wọ́. Ní Brítéènì, òfin ọdún 2009 kan sọ ọ́ di dandan fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè láti bojú tó ààbò ọmọdé nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá bi ọmọ yín ní ìbéèrè, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, inú tèmi sì máa ń dùn pé ó ń ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, èyí tí àjọ NPC fún yín, nítorí orúkọ bàbá àti ti ìyá ló wà nínú rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé orúkọ ọkọ ni wọ́n kọ fún ìyá nínú ìwé yìí, bẹ́ẹ̀ orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ló wà nínú páàsípọ́ọ̀tù. Lójú ẹni tí kò mọ̀ yín rí, obìnrin méjì nìyẹn. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni yóò fi hàn pé ẹnì kan náà ni. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe, tí kò sí ìwé kankan, ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀ fún yín.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ bàbá wọn. Ìjọba Brítéènì fúnra rẹ̀ ló ń gba òbí tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ nímọ̀ràn pé kó mú irú ìwé báyìí dání. Àwọn ti Amẹ́ríkà náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ewé kan tó, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó kọ orúkọ tirẹ̀, tiyín àti ti àwọn ọmọ bó ṣe wà nínú páàsípọ́ọ̀tù gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà páàsípọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, àdírẹ́sì àbúrò yín ní London, àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè fi bá òun bàbá wọn sọ̀rọ̀. Kí ó fọwọ́ sí i níwájú Notary Public, ìyẹn lọ́yà tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, kí ẹ fi fọ́tòkọ́pì páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ tàbí káàdì NIN rẹ̀ tì í lẹ́yìn. (Ẹni tí bàbá ọmọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, ìwé ẹ̀rí ikú ni kó mú. Ẹni tí kóòtù fún lọ́mọ, kó mú ìwé ìdájọ́ náà.)

Ẹ wo físà àwọn ọmọ pẹ̀lú. Bí ọmọdé bá gba físà àlejò Brítéènì pé àgbàlagbà ni yóò mú òun wá, físà náà máa ń tọ́ka sí àgbàlagbà náà. Bó bá jẹ́ bàbá wọn nìkan lẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń béèrè fún un, tó wá di pé ẹ̀yin lẹ ń mú wọn lọ, wọ́n lè dá àwọn ọmọ náà padà. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà ni yóò kọ́kọ́ yẹ ìwé yín wò, wọn kì í sì í fojú fo nǹkan, torí pé ìjọba Brítéènì lè bu £2,000 lé wọn lórí èrò kan ṣoṣo tí ìwé rẹ̀ kò pé.

Gbogbo ìwé wọ̀nyí, inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà. Obìnrin kan tí mo bá ṣe ìwé nígbà kan rí ní gbogbo rẹ̀ pátá, ó wá tò wọ́n sísàlẹ̀ àpótí ńlá tó ti wọ inú bàálù lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè lókè òkun, òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 6, pé, “Ta ló mú ọ wá?” Ọmọ náà di etí gèlè ìyá rẹ̀ mú, ó ní, “Àǹtí ni.” Òótọ́ ló sọ. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló gbé dàgbà, ìyá àgbà ló ń pè ní Mọ́mì, ó sì ń pe ìyá tó bí i bí àwọn àbúrò ìyá náà ṣe ń pè é. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni wọ́n fi jókòó kí wọ́n tó lọ gbé àpótí wá, tí ìwé ọjọ́ ìbí fi jáde.

Nítorí náà, ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nílé. Bó bá jẹ́ Àyìnkẹ́ lẹ ń pe ọ̀kan, tí orúkọ mìíràn wà nínú páàsípọ́ọ̀tù, kó mọ̀ pé orúkọ ìwé ni wọn yóò bi òun. Kó mọ̀ pé ẹ̀yin ni ìyá òun, ibi tí òun ń lọ, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí òun ń lọ. Mi ò ní kí ẹ kọ́ wọn ní àkọ́sórí o. Ọmọ tó bá ń ka ìdáhùn bí ẹni ka ABD máa ń fu òṣìṣẹ́ lára. Bí wọ́n bá bi ọmọ, ẹ má gba ọ̀rọ̀ náà sọ fún un. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn lè wo ẹni náà lójú. Ọmọ tiwa tí a ti kọ́ pé kó má wo àgbà lójú yóò tẹrí ba, ẹni tí kò mọ àṣà wa lè rò pé ẹ̀rù yín ló ń bà á.

Bí páàsípọ́ọ̀tù àbúrò bá jẹ́ èyí tí ẹ gbà nígbà tó wà ní ìkókó, ọdún 5 péré ni ti ọmọdé ń lò, ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú. Bó bá ṣì dára, tí ojú rẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ti inú fọ́tò, ẹ kó fọ́tò rẹ̀ ọdọọdún sórí fóònù.

Ní àsìkò ọlidé yẹn, aago London àti tiwa kì í yàtọ̀. Bí ọkọ̀ tó gbéra lálẹ́ bá balẹ̀ ní kùtùkùtù, oorun ni bàbá wọn yóò ṣì máa sùn, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ẹnubodè lè fẹ́ pè é. Ẹ pè é kí ẹ tó wọ bàálù, kó ṣájì fóònù rẹ̀, kó tan ohùn rẹ̀ sókè, kó sì gbé ipè tó bá fi nọ́ńbà òkèèrè wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà.